Mo Fi Kọ́kọ́rọ́ Họ Ohun Tí Mo Rò Pé Ọ̀dà Ni: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Láíkìn Máàpù Mọ̀ Lára Àpáta

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní ẹjọ́ kan láti rò lónìí, èmi gan-an sì ni wọ́n pè lẹ́jọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Manchester. Ó ní ọjọ́ méjì tí kò ní lọ sẹ́nu iṣẹ́, ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká kúrò nígboro jàre. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti wá, inú ṣọ́ọ̀bù la máa ń wà." Bó ṣe wa mọ́tò gbé mi lọ sí àríwá Wales nìyẹn, síbi kan tí wọ́n ń pè ní Cwm Idwal. Àfonífojì ni. Òkè yí i ká lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, adágún omi kan wà láàárín rẹ̀, òkúta ńláńlá sì wà káàkiri bí ẹni pé ẹnì kan dà wọ́n síbẹ̀ tó gbàgbé wọn.

Ara àwọn òkúta yẹn ni mo ti rí àwọ̀ kan. Ó dà bí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, kò yẹ́lò tán, kò sì jẹ́ ewé tán. Ìlà dúdú wà nínú rẹ̀ àti létí rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ọ̀dà ni. Mo ní, "Àṣé wọ́n ń ṣe irú èyí níbí náà? Àwọn tó ń kọ orúkọ sára àpáta nílé ti dé Wales!" Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò rò pé ọ̀dà ni. Èmi tí mo jẹ́ oníròyìn, mo ní mo máa fi ẹ̀rí hàn án. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ilé jáde lápò, mo fi họ ọ́. Ó ṣí kúrò bí eruku. Ojú ibi tí mo họ gùn tó ìka ọwọ́ mi. Mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí blọ́ọ̀gì yìí, mo sì kọ ọ̀rọ̀ ìbínú kékeré kan sí i nípa àwọn tó ń fi ọ̀dà ba àpáta jẹ́.

Kò pé wákàtí méjì tí ọ̀kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi, tíṣà tó ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì, fi kọ̀wé sí mi. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ rí yìí kì í ṣe ọ̀dà. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Ó ṣeé ṣe kó dàgbà ju bàbá tó bí bàbá yín lọ, ẹ̀yin lẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ họ ọ́."

Ojú tì mí. Mo yọ fọ́tò náà kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n kéèyàn yọ fọ́tò kúrò yàtọ̀ sí kéèyàn ṣe àtúnṣe. Àtúnṣe ọ̀hún ni mo wá ṣe lónìí. Mo ti kàwé nípa rẹ̀, mo ti ra awò kékeré tó máa ń mú nǹkan tóbi lójú, mo sì ti padà sí Cwm Idwal. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí fún yín, kí ẹ̀yin má baà jẹ irú gbèsè tí mo jẹ.

Kí ni láíkìn gan-an?

Gbogbo wa la ti rí i rí, a kàn ń wò ó kọjá ni. Ó máa ń wà lára èèpo igi, lára ògiri àtijọ́, lára sàréè, lára àpáta. Eléérú wà, aláwọ̀ ewé wà, aláwọ̀ ọsàn wà. Àwọn kan máa ń rò pé ìdọ̀tí ni, àwọn mìíràn á ní igi náà ló ń ṣàìsàn.

Ẹ̀dá méjì ló ń gbé pọ̀ nínú ohun tí ẹ̀ ń rí yẹn. Ọ̀kan jẹ́ ìran olú, mọ̀lẹ́bí olú tí à ń sè jẹ, mọ̀lẹ́bí èyí tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó ti pẹ́, tó tún jẹ́ mọ̀lẹ́bí làpálàpá orí ọmọdé. Ìkejì jẹ́ álgì, mọ̀lẹ́bí nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ nínú táńkì omi tí oòrùn bá ń wọ̀. Olú ló kọ́lé: òun ló di àpáta mú, òun ló ń fa omi mọ́ra, òun ló sì ń ṣíji bo ẹnì kejì rẹ̀ kí oòrùn má baà jó o gbẹ. Álgì ló ń dáná: ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se ṣúgà tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ. Bí ẹ bá mú olú yẹn nìkan sórí àpáta gbígbẹ, ebi ni yóò pa á.

Onímọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, Simon Schwendener, ló sọ ọ́ síta ní 1867 pé ẹ̀dá méjì ló wà nínú láíkìn. Àwọn ọ̀gá kan tó mọ láíkìn dunjú nígbà yẹn bínú sí i, wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Lónìí, ohun tó sọ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́.

Láíkìn kò ní gbòǹgbò tó ń wá oúnjẹ lọ sínú ilẹ̀. Omi òjò, ìkùukùu, ìrì àti eruku tó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló fi ń gbé ayé. Ohun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ ló máa wọ inú rẹ̀, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń kú níbi tí èéfín bá ti pọ̀ jù.

Èyí tí mo fi kọ́kọ́rọ́ họ ní orúkọ. *Rhizocarpon geographicum* ni àwọn onímọ̀ ń pè é, àwọn tó ń gun òkè sì ń pè é ní láíkìn máàpù. Carl Linnaeus, ará Sweden tó fún ọ̀pọ̀ ewéko àti ẹranko lórúkọ, ti mẹ́nu kàn án nínú ìwé rẹ̀ ní 1753, ìrísí máàpù náà ló sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí ẹ bá rí púpọ̀ nínú wọn tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn lórí òkúta kan, ẹ ó rò pé ẹnì kan ya àwọn orílẹ̀-èdè síbẹ̀ ni, pẹ̀lú ààlà wọn.

Ohun mẹ́fà tí mo fi dá a mọ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ láíkìn gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá fi ìkánjú wò ó, ọ̀dà lẹ máa rí. Ẹ lọ kúnlẹ̀ tì í, kí ẹ gbé awò sójú, kí ẹ sì tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ.

*Àkọ́kọ́, ẹ bi òkúta léèrè.* Láíkìn máàpù kì í gbé orí òkúta tó bá ṣáà ti rí. Òkúta líle tí kò ní ẹfun nínú ló ń fẹ́, bíi gíránáìtì, tàbí irú èyí tó ti inú iná abẹ́ ilẹ̀ wá bíi ti Cwm Idwal. Ẹ má wá a lọ sórí òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ mú èérún òkúta kan tó ti já bọ́ sílẹ̀, kí ẹ kán fínígà sí i. Òkúta ẹfun á hó. Ẹ jọ̀ọ́, orí èérún òkúta lẹ máa kán an sí o, ẹ má kán an sórí láíkìn.

*Ìkejì, ẹ wo bó ṣe dúró.* Oríṣi ìdúró mẹ́ta ni láíkìn sábà máa ń ní. Àwọn kan lẹ̀ mọ́ òkúta bí èèpá ṣe ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́, débi pé kò sí bí ẹ ṣe lè ṣí wọn kúrò láìmú òkúta díẹ̀ dání. Àwọn kejì rí bí ewé, etí wọn gbé sókè díẹ̀, èékánná lè wọ abẹ́ wọn. Àwọn kẹta yọ jáde bí igbó kékeré tàbí bí irùngbọ̀n. Láíkìn máàpù wà nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Tí ohun tí ẹ rí bá ní etí tó gbé sókè, ẹ ti ṣìnà nìyẹn, ẹ wá orúkọ mìíràn fún un.

*Ìkẹta, àwọ̀.* Yẹ́lò tó fara mọ́ àwọ̀ ewé ni. Ohun kan tí láíkìn náà ń pèsè fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní rhizocarpic acid, ló fún un ní àwọ̀ yẹn. Níbi tí oòrùn ti ń pa á dáadáa, ó máa ń tàn yòò. Níbi òjìji, ó máa ń ṣú díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi àwọ̀ nìkan ṣe ìdájọ́. Àwọ̀ ló tan èmi jẹ.

*Ìkẹrin, ẹ gbé awò sójú.* Ibí ni ọ̀dà àti láíkìn ti pínyà. Ọ̀dà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Láíkìn máàpù pín sí wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ tó sì là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn wẹ́wẹ́ yẹn dà bíi táìsì ilẹ̀ kékeré, kì í sábà ju mìlímítà kan sí méjì lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i nínú awò, mo pariwo. Àbúrò mi sáré wá, ó rò pé nǹkan gé mi jẹ.

*Ìkarùn-ún, ìlà dúdú.* Ẹ wo àárín àwọn wẹ́wẹ́ yẹn, kí ẹ sì wo etí gbogbo rẹ̀. Dúdú ni. Apá kan lára olú náà ni, èyí tí álgì kò sí nínú rẹ̀, tó ń ṣíwájú kí ìyókù tó tẹ̀ lé e. Tí láíkìn méjì bá pàdé, ìlà dúdú ti ọ̀tún á kan ti òsì, á sì di ààlà. Òun gan-an ló sọ ọ́ di máàpù.

*Ìkẹfà, èso.* Ẹ ó rí àwọn nǹkan dúdú tíntìntín, pẹrẹsẹ, tí àwọn kan rí róbótó, tí àwọn mìíràn sì ní igun. Inú wọn ni olú ti ń tú irúgbìn rẹ̀ jáde. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ ni ibi tí wọ́n jókòó sí. Nínú láíkìn máàpù, àárín àwọn wẹ́wẹ́ yẹ́lò ni wọ́n ń wà, nínú àlàfo, wọn kì í gun orí wọn. Bí èso bá wà lórí wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ tún un wò.

Tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá pé, òkúta tí kò ní ẹfun, ìdúró bí èèpá, yẹ́lò tó fara mọ́ ewé, ilẹ̀ tó là, ìlà dúdú létí àti láàárín, èso dúdú nínú àlàfo, ẹ lè fi ọkàn balẹ̀ pè é lórúkọ.

Àwọn tó jọ ọ́ tó lè tàn yín jẹ

Ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo họ yẹn náà ni mo ti pàdé mẹ́rin nínú wọn.

Ọ̀kan wà lábẹ́ òkúta tó yọrí jáde bí òrùlé, níbi tí òjò kì í dé tààrà. Yẹ́lò tó fara mọ́ ewé lòun náà, àwọ̀ rẹ̀ tiẹ̀ tún mọ́lẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí àtíkè ló rí, ẹ̀tù lásán, kò ní ìlà dúdú kankan. *Psilolechia lucida* nìyẹn. Tí ẹ bá rí yẹ́lò bí ẹ̀tù lábẹ́ ìbòòji, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Èkejì jẹ́ hóró kéékèèké tó ní àwọ̀ pupa ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀. *Candelariella vitellina* ni. Èso tirẹ̀ kò dúdú, yẹ́lò bíi ti ara rẹ̀ ni. Ó fẹ́ràn ibi tí oúnjẹ bá wà, bí orí òkúta tí ẹyẹ ń bà lé tó sì ń yàgbẹ́ sí.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó pọ̀ jù lórí òrùlé ilé àti ògiri láwọn ìlú UK: *Xanthoria parietina*, aláwọ̀ ọsàn, tó ní ewé. Etí rẹ̀ gbé sókè, nítorí náà ìdúró rẹ̀ nìkan ti tó láti yà á sọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹrin ló le jù, nítorí ọmọ ilé kan náà ni wọ́n. *Rhizocarpon lecanorinum* lorúkọ rẹ̀. Ohun gbogbo bára mu, àfi èso. Nínú tirẹ̀, wẹ́wẹ́ yẹ́lò máa ń tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun, á sì fara yí èso dúdú náà ká. Láìsí awò, ẹ ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ láyé.

Ibi tó yẹ kí ojú dúró

Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan níbí, torí àwa oníròyìn fẹ́ràn ká máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a ti rí òpin. Àwọn mọ̀lẹ́bí *Rhizocarpon* aláwọ̀ yẹ́lò pọ̀. Láti ya gbogbo wọn sọ́tọ̀ pátápátá, àwọn onímọ̀ máa ń kán áyódíìnì sí inú láíkìn náà kí wọ́n rí i bóyá á yí sí búlúù, bó ṣe máa ń ṣe nínú láíkìn máàpù. Wọ́n tún máa ń gé èso rẹ̀ wò lábẹ́ máíkrósíkópù, kí wọ́n ka yàrá tó wà nínú irúgbìn kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn nìkan kọ́. Àyẹ̀wò DNA ti fi hàn pé abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí, ó ju ẹ̀yà kan lọ tó fara pamọ́ síbẹ̀.

Kí ni kí èmi àtẹ̀yin wá ṣe? Ká sọ ibi tí ojú wa dé. Lórí fọ́tò mi tuntun, mo kọ ọ́ pé: "Láíkìn máàpù, bí mo ṣe rí i pẹ̀lú awò, láìlo máíkrósíkópù." Ẹni tó bá ní ìmọ̀ jù mí lọ á mọ ibi tó yẹ kóun ti bẹ̀rẹ̀. Fún àwa tá a kàn ń kọjá lọ, kò sí ìdí láti bu nínú rẹ̀ mú lọ sílé. Ẹ ya fọ́tò mẹ́ta: ọ̀kan láti òkèèrè kí òkúta lè hàn, ọ̀kan láti ìtòsí pẹ̀lú owó ẹyọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó, ọ̀kan látinú awò. Ó ti tó.

Ọdún mélòó ni mo họ?

Ohun tó dùn mí jù nìyí, ẹ má bínú tí mo bá pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Láíkìn máàpù kì í kánjú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kì í fẹ̀ tó mìlímítà kan lọ́dún. Ará Austria kan, Roland Beschel, ló rí i láàárín ọ̀rúndún tó kọjá pé a lè fi ìyẹn ka ọjọ́ orí òkúta. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á lọ síbi tí ọjọ́ orí òkúta ti dájú, bí orí sàréè tí wọ́n kọ ọdún sí, wọ́n á wọn láíkìn tó tóbi jù níbẹ̀, wọ́n á sì mọ bó ṣe ń fẹ̀ lọ́dún kan ní àdúgbò yẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á lọ wọn èyí tó wà lórí òkúta tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó yí síbẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ ìgbà tí yìnyín ńlá fi orí òkè kan sílẹ̀, tàbí ìgbà tí òkè kan ya lulẹ̀. Òtútù, òjò àti oòrùn ò rí bákan náà níbi gbogbo, nítorí náà ìṣirò Norway kò ṣeé lò ní Wales.

Nígbà tí mo padà lọ, mo wọn èyí tí mo họ. Mo rí i dájú pé ẹyọ kan ni, pé ìlà dúdú yí i ká yípo, torí méjì tó ti so pọ̀ lè dà bí ọ̀kan. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ká kàn fi ṣe àpẹẹrẹ pé ìdajì mìlímítà ló ń fẹ̀ lọ́dún. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọdún 200. Ìyẹn ni pé ó ti wà níbẹ̀ kí Ṣódẹkẹ́ tó kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ogun Kírìjì jà, ó parí, òun wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi, ó wà níbẹ̀. Èmi dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé tí mo rà ní ọjà.

Ẹ má sì rò pé ẹlẹgẹ́ ni o. Ní 2005, wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé ẹ̀yà yìí gan-an lọ sí òfurufú lókè pátápátá, wọ́n ṣí i sílẹ̀ níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú gbogbo ìtànṣán oòrùn tó wà níbẹ̀. Nígbà tó padà wá sáyé tí wọ́n fún un lómi, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò rìnrìn àjò. Òfurufú ò rí i gbé ṣe. Kọ́kọ́rọ́ kan rí i gbé ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Tiwa nílé ńkọ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á máa bi mí pé: Olúmọ ńkọ́? Ìdànrè ńkọ́? Òkúta ibẹ̀ líle, kò ní ẹfun, ṣùgbọ́n láíkìn máàpù ò ní sí níbẹ̀ fún yín. Òtútù ló bá a lára mu. Orí òkè gíga àti ilẹ̀ tútù ni ilé rẹ̀.

Àwọn mìíràn ló ń gbé lórí tiwa. Ẹ rántí dúdú tó bo àwọn àpáta ńláńlá wa, tó sì ń ṣàn wálẹ̀ bí ojú omi? Àwọn tó ti ṣèwádìí lórí irú àpáta bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti rí i pé ohun ẹlẹ́mìí ló pọ̀ jù nínú dúdú yẹn. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó ń fi oòrùn se oúnjẹ wà níbẹ̀, àwọn láíkìn tó ń bá wọn gbé sì wà pẹ̀lú wọn. Ìdílé kan nínú àwọn láíkìn náà ni *Peltula*. Ó máa ń rí bí ìpẹ́ ẹja kéékèèké, àwọ̀ rẹ̀ bí ewúro gbígbẹ, ó sì máa ń fi àárín rẹ̀ di àpáta mú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rò pé ó ti kú. Bí òjò bá rọ̀ sí i báyìí, kò ní pẹ́ tó fi máa jí.

Ẹ̀kọ́ mẹ́fà yẹn ṣì wúlò níbẹ̀ náà: òkúta, ìdúró, àwọ̀, ojú rẹ̀ nínú awò, etí, èso. Nígbà tí ẹ bá tún gun Olúmọ, kí ẹ tó wá ibi tí ẹ máa ti ya sẹ́ẹ̀fì, ẹ tẹ̀ ba kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó fẹ́ kọ "Dapọ̀ fẹ́ràn Bísí" sára àpáta, ẹ sọ fún un pé àwọn onílé wà nínú ilé.

Ojú ibi tí mo họ

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ n padà sí Cwm Idwal díẹ̀. Èmi kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó wo àwọn òkúta ibẹ̀ tí kò rí nǹkan. Ní 1831, Charles Darwin wá síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀, Adam Sedgwick. Ohun tí wọ́n ń wá ni àwọn ẹ̀dá àtijọ́ tó ti di òkúta. Àmì tí yìnyín ńlá fi sílẹ̀ wà níwájú wọn gbangba, òkúta tó há, òkúta tó yí wálẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì rí i. Darwin fúnra rẹ̀ ló padà jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú ìwé tó kọ nípa ayé ara rẹ̀. Ní 1842, ọdún 11 lẹ́yìn náà, ó padà lọ, ó sì wá rí gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn òkúta kan níbẹ̀ báyìí.

Èmi ò pẹ́ tó Darwin kí n tó padà. Ọdún kan péré ni. Mo wá òkúta mi kiri títí mo fi rí i, mo kúnlẹ̀, mo gbé awò sójú. Àwọn wẹ́wẹ́ yẹ́lò, ìlà dúdú, èso nínú àlàfo, gbogbo rẹ̀ pé. Ojú ibi tí mo họ náà wà láàárín rẹ̀, funfun, ó gùn tó ìka ọwọ́ mi bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo rò pé mo máa rí i pé ó ti ń dí padà. Kò dí. Bó ṣe ń rìn yẹn, mo lè dàgbà di arúgbó kó má tíì dí tán.

Àbúrò mi dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kọ́kọ́rọ́ dà?" Mo ní mo fi í sílẹ̀ sínú mọ́tò.